Yoga, Jiu-Jitsu àbí Capoeira? Ìfiwéra Àwọn Eré Ìjà àti Eré Ìdárayá fún Ẹni Tó Ń Mòòkùn

Ìmòòkùn tí mò ń sọ níbí ni èyí tí èèyàn ń fi èémí kan ṣoṣo ṣe. Kò sí sìlíńdà afẹ́fẹ́ lẹ́yìn, kò sí ọ̀pá ìmí lẹ́nu. Ẹ mí sínú, ẹ wọmi, ẹ gòkè, ẹ tún mí. Freediving ni wọ́n ń pè é káàkiri ayé. Omi jíjìn kì í sì í wà nítòsí ọ̀pọ̀ nínú àwa tó fẹ́ràn rẹ̀. Ẹlòmíì ń rí òkun lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ẹlòmíì ń rí adágún ìlúwẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Gbogbo ọjọ́ tó kù, orí ilẹ̀ la wà. Ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń béèrè pé nínú yoga, tai chi, jiu-jitsu, capoeira, karate àti ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, èwo ni kí àwọn kọ́ tó máa wúlò lábẹ́ omi.

Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé kí wọ́n má tíì yan nǹkan kan. Kí ló ń dá yín padà? Ẹni tí etí ń dùn ní mítà 8 àti ẹni tí itan rẹ̀ ń jó nígbà tó ń gòkè bọ̀ kò ní ìṣòro kan náà, eré tó sì máa ran ọ̀kan lọ́wọ́ lè dá kún ti èkejì. Mo ti rí akànṣẹ́ tó lè ja ìjà wákàtí kan láìrẹ̀ ẹ́, tó sì padà láti mítà 6 nítorí pé ọrùn rẹ̀ le bí igi.

Ohun mẹ́rin tó ń dá amòòkùn padà

Etí ló kọ́kọ́ ń ṣe é. Bí ẹ ṣe ń lọ sísàlẹ̀, omi ń tẹ ìlù etí wọnú, ẹ sì ní láti fi afẹ́fẹ́ ránṣẹ́ láti inú lọ sẹ́yìn rẹ̀ kó lè padà sáyè rẹ̀. Ọ̀nà tí àwọn olùkọ́ ń kọ́ni jù ni Frenzel: ẹ di imú, ẹ pa ọ̀fun dé, ẹ wá fi ẹ̀yìn ahọ́n ti afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́nu sókè. Iṣẹ́ ahọ́n ni, ikùn kò ní nǹkan kan ṣe níbẹ̀. Ẹni tí ọrùn àti àgbọ̀n rẹ̀ bá le gbagidi kò ní rí i ṣe, pàápàá tí orí rẹ̀ bá dojú kọ ìsàlẹ̀.

Àyà ló tẹ̀ lé e. Ká ní lítà 6 ni afẹ́fẹ́ tó kún ẹ̀dọ̀fóró yín lókè omi. Ní mítà 10 ó ti di lítà 3, ní mítà 20 ó di lítà 2, ní mítà 30 kò ju lítà kan àbọ̀ lọ. Egungun ìhà ní láti lè sún mọ́ra, iṣan fẹ̀ẹ̀rẹ̀ tó pààlà láàárín àyà àti ikùn sì ní láti lè ròkè. Àyà tó gan kì í gbà fún omi, àwọn tó bá fipá lọ síbẹ̀ ló máa ń gòkè wá tu itọ́ tó ní ẹ̀jẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ìfẹ́ láti mí. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé àìtó ọ́síjìn ló ń mú àyà pè. Rárá o. Kábọ́ọ̀nù dàíọ́ksáìdì, ìyẹn afẹ́fẹ́ tí à ń mí síta, ló ń kó jọ sínú ẹ̀jẹ̀, òun ló sì ń lu aago náà, tí ikùn fi máa ń fò pì, pì, pì. Nígbà tí aago yẹn kọ́kọ́ lù, ọ́síjìn ṣì wà nílẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá bẹ̀rù rẹ̀ á le ara, ara líle á jẹ ọ́síjìn, aago á sì tún lù kíkankíkan.

Ẹsẹ̀ ló gbẹ̀yìn. Bí ojú bá kan omi, tí èémí sì dúró, ọkàn á bẹ̀rẹ̀ sí í lù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, àwọn ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ inú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á sì fún, kí ẹ̀jẹ̀ lè ráyè gbárajọ sọ́dọ̀ ọkàn àti ọpọlọ. Ara ló ń dáàbò bo ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ itan ló ń jìyà rẹ̀, torí ó ń ṣiṣẹ́ láìrí ẹ̀jẹ̀ tó tó.

Ẹ mú ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí lọ́wọ́ bí ẹ ti ń ka èyí tó kù.

Yoga àti tai chi

Wọ́n máa ń ka àwọn méjèèjì yìí sí ọ̀kan náà nítorí pé méjèèjì ń lọ jẹ́jẹ́. Fún amòòkùn, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe jìnnà síra.

Yoga ti wà nínú eré yìí tipẹ́. Àwọn oníṣègùn kan fìgbà kan sọ pé àyà èèyàn máa fọ́ tó bá kọjá mítà 50. Jacques Mayol, ọmọ ilẹ̀ Faransé, lọ dé mítà 100 lẹ́bàá erékùṣù Elba ní Ítálì ní 1976, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó dé ibẹ̀ pẹ̀lú èémí kan. Yoga àti àṣàrò Zen wà lára ohun tó fi múra sílẹ̀. Láti ìgbà náà, ṣàṣà ni ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ìmòòkùn tí ẹ kò ní rí ẹní yoga.

Òkìkí yẹn kọ́ ló mú mi fẹ́ràn rẹ̀. Nǹkan kan ló wà nínú yoga tí n kò rí nínú eré ìjà kankan, uddiyana bandha ni wọ́n ń pè é. Ẹ dìde dúró, ẹ tẹ orúnkún díẹ̀, ẹ gbé ọwọ́ lé itan. Ẹ mí afẹ́fẹ́ síta títí tí kò fi ní ku èyí tó ṣeé tì jáde. Ẹ pa ọ̀fun dé. Ẹ wá ṣe bí ẹni fẹ́ mí sínú, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé. Ikùn á wọlé lọ, á sì fà sókè sábẹ́ egungun ìhà títí ihò á fi hàn níbẹ̀ bí inú igbá. Ohun tí ẹ ṣe yẹn sún mọ́ ohun tí omi máa ṣe sí àyà yín ní mítà 30, orí ẹní lẹ sì wà, ibi tí ẹ ti lè dáwọ́ dúró nígbàkígbà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta sí ẹ̀ẹ̀márùn-ún láàárọ̀ ti tó, kí ikùn wà lófìfo. Ẹ má fi dandan ṣe é, ẹ má sì ka iye ìṣẹ́jú tí ẹ fi dúró. Aláboyún kò gbọ́dọ̀ dán an wò, ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru náà kò gbọ́dọ̀ ṣe é.

Àwọn ìnàra yoga náà ní iṣẹ́ tiwọn. Apá tó bá lè nà gbọọrọ lókè orí, láìjẹ́ pé ẹ̀yìn tẹ̀ kó tó dé ibẹ̀, ló ń jẹ́ kí omi ṣàn kọjá lára yín láìrí ibi dì mú. Ẹ dúró ti ògiri kẹ́ ẹ wò ó: gìgísẹ̀, ìdí, ẹ̀yìn àti orí kan ògiri, kí ẹ wá gbé apá méjèèjì sókè. Bí àtàǹpàkò bá kan ògiri láìjẹ́ pé ìhà yọ síwájú, èjìká yín kò ní wàhálà. Bí kò bá kàn án, ẹ ti mọ ibi tí iṣẹ́ wà.

Ibi tí yoga ti lè ṣi amòòkùn lọ́nà ni àwọn ìmí oníkíákíá bíi kapalabhati àti bhastrika. Mímí gúlegúle tí wọ́n ṣètò ni wọ́n. Lórí ẹní, lọ́jọ́ tí ẹ kò ní fẹsẹ̀ kan omi, kò burú. Létí omi, ewu ni, màá ṣàlàyé ìdí rẹ̀ níwájú.

Tai chi kò ní sọ àyà yín di rírọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń kọ́ni ni bí a ṣe ń fi agbára tó kéré jù lọ ṣe iṣẹ́ tó wà nílẹ̀. Ẹ gbé apá, ẹ wò ó bóyá èjìká bá a gòkè láìbẹ̀ ẹ́. Ẹ sún ẹsẹ̀, ẹ wò ó bóyá àgbọ̀n yín fún. Ètò onígbésẹ̀ 24 tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà ní 1956 kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, síbẹ̀ ẹni tó bá fara balẹ̀ ṣe é á rí i pé ibi tó pọ̀ lára òun ló ń ṣiṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò rán an. Ẹni tí kò ní sùúrù láti há gbogbo rẹ̀ sórí lè mú Baduanjin, tí kò ju ìṣípò ara mẹ́jọ lọ.

Ibi tí èyí ti wúlò jù lábẹ́ omi ni ibi tí a kò ti ń ṣe nǹkan kan. Láti òkè omi dé nǹkan bíi mítà 10, ara ń fẹ́ léfòó, ẹ sì ní láti fi ẹsẹ̀ ta. Bí ẹ̀dọ̀fóró ti ń fún sí i, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo, títí tó fi máa rì fúnra rẹ̀, nǹkan bíi mítà kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Iṣẹ́ tó kù fún yín nígbà yẹn ni kí ẹ jọ̀wọ́ ara sílẹ̀. Ó rọrùn láti sọ, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá kọ́ ọ rí á rí i pé ọwọ́ ń di ẹ̀ṣẹ́, ẹsẹ̀ ń na ìka, iwájú orí ń hunjọ, ọ́síjìn sì ń tán sínú gbogbo wọn.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ní yoga ló dára fún gbogbo èèyàn. Èrò tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Ẹni tí kò tíì dé mítà 20, àyà kọ́ ló ń dá a padà, líle ara ni, tai chi ni màá sọ pé kó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń sún mọ́ 30 tàbí tó ti kọjá rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fi uddiyana ṣeré.

Jiu-jitsu àti ẹ̀ṣẹ́ kíkàn

Brazilian jiu-jitsu ni ìjàkadì orí ilẹ̀ tó jáde láti inú judo, èyí tí Kano Jigoro dá sílẹ̀ ní Japan ní 1882. Ibi tó ti wúlò fún wa kò ju ẹyọ kan lọ, ṣùgbọ́n ibẹ̀ jinlẹ̀.

Ẹni tó wúwo jù yín lọ á jókòó lé yín láyà. Ìhà yín ò ní lè fẹ̀, aṣọ rẹ̀ á bo yín lójú, èémí tó bá sì wọlé kò ní tó nǹkan. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ ó máa jà bí ẹja inú àwọ̀n, kí ìṣẹ́jú kan sì tó pé, agbára ti tán. Ní nǹkan bí oṣù kẹta, nǹkan á yí padà. Ẹ ó dúró jẹ́ẹ́, ẹ ó mí díẹ̀díẹ̀ níbi tí àyè bá ti ṣí, ẹ ó sì máa ronú lórí bí ẹ ṣe máa jáde. Ẹ̀kọ́ tí amòòkùn ń wá gan-an nìyẹn. Nígbà tí ikùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í fò lábẹ́ omi, ohun tó yẹ ní ṣíṣe ni kí ẹ wà nínú ìnira náà láìbá a jà. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. N kò tíì rí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti yé èèyàn kíákíá bíi kí ẹni tó sanra ju èèyàn lọ jókòó lé e láyà.

Àwọn kan nínú eré náà ti mọ èyí tipẹ́. Rickson Gracie, ọ̀kan lára àwọn tó lókìkí jù nínú jiu-jitsu, lọ kọ́ ìlò èémí àti ikùn lọ́dọ̀ Orlando Cani ní Brazil, ẹni tó da yoga pọ̀ mọ́ ìṣesí ẹranko nínú ohun tó pè ní Bioginástica. Akọni ìjàkadì àti amòòkùn pàdé lẹ́nu uddiyana, kò sì yà mí lẹ́nu.

Ìkìlọ̀ kan wà tí n kò ní fi falẹ̀. Ìfúnlọ́rùn inú jiu-jitsu kì í ṣe ìdánrawò èémí. Ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ọpọlọ ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń dá dúró. Ẹ kò lè kọ́ ara láti fara dà á, kò sì yẹ kí ẹ gbìyànjú rẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ di èémí mú nígbà tí ẹlòmíì ń fún un lọ́rùn, ẹ̀mí rẹ̀ ló ń fi ta tẹ́tẹ́. Ẹ tètè lu ilẹ̀ kí wọ́n tú yín sílẹ̀.

Ẹ wá gbé ẹ̀ṣẹ́ kíkàn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ìjà, ìṣẹ́jú kan ìsinmi, bí àwọn akọṣẹ́mọṣẹ́ ṣe ń ṣe é, máa fún yín ní ọkàn tó lágbára àti ẹsẹ̀ tó lè ṣiṣẹ́ nígbà tó ti ń jó. Ẹni tí itan rẹ̀ ń dá padà máa jèrè nínú okùn fífò àti àpò lílù. Ṣùgbọ́n ìdúró akànṣẹ́ ń fa èjìká síwájú, ó ń ká àyà kò, èyí sì lòdì sí apá gbọọrọ tí mo ṣàpèjúwe lókè. Èémí rẹ̀ náà kúrú, ó sì yára.

Ohun tó tóbi jù ni orí àti etí. Imú tí wọ́n ti lù wọ́ kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ rí ọ̀nà tó dán gbà. Àbàrá kan ṣoṣo tó bá dé etí dáadáa lè lu ìlù etí jálẹ̀, ẹni tí ìlù etí rẹ̀ bá sì ti lu kò gbọ́dọ̀ wọ omi jíjìn títí tó fi máa jinná, tí dókítà á sì fọwọ́ sí i. Nítorí náà, bí abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò bá fẹ́ di amòòkùn, màá ní kó di okùn àti àpò mú, kó fi lílu ara ẹni lójú sílẹ̀. Láàárín méjèèjì, jiu-jitsu ni màá yàn, mi ò sì ní ro ó lẹ́ẹ̀mejì.

Sanchin àti Systema

Sanchin jẹ́ kata ìpìlẹ̀, ìyẹn ìṣípò ara tí wọ́n tò tẹ̀ léra, nínú Goju-ryu, karate tó wá láti Okinawa ní Japan. Ẹsẹ̀ di ilẹ̀ mú, gbogbo iṣan le, èémí ń ti ọ̀fun jáde pẹ̀lú ohùn. Mo bọ̀wọ̀ fún un, ó sì lẹ́wà láti wò. Àmọ́ ó ń so èémí mọ́ líle ara, òdìkejì pátápátá sì ni amòòkùn ń wá. Bí karate bá ti wà lára yín, ẹ má fi í sílẹ̀, ẹ kàn fi Tensho, kata mìíràn nínú Goju-ryu, kún un, torí òun rọ̀ jù ú lọ. Bí ẹ kò bá tíì kọ́ ọ, ìdí kò sí láti bẹ̀rẹ̀ nítorí omi.

Systema, eré ìjà àwọn ará Rọ́ṣíà, fi èémí ṣe ìpìlẹ̀ ohun gbogbo. Wọ́n ń di èémí mú nígbà tí wọ́n ń rìn, wọ́n ń fi ọwọ́ ti ara sókè láti ilẹ̀ pẹ̀lú ìfarabalẹ̀ tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu, wọ́n sì ń wá ibi tí ìbẹ̀rù ti fara pamọ́ sínú iṣan kí wọ́n lè tú u. Rírìn láìmí yìí bá ìdánrawò tí àwọn amòòkùn ń ṣe mu gan-an: ẹ mí jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì, ẹ di èémí mú, ẹ jókòó fún bí ìṣẹ́jú àáyá 30, ẹ wá dìde máa rìn lórí koríko, kí ẹ ka ìgbésẹ̀. Itan á jó, ikùn á fò, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń gòkè láti ìsàlẹ̀. Koríko ni mo sọ, kì í ṣe kọnkéré, kí ẹnì kan sì wà pẹ̀lú yín. Bí òòyì bá kọ́ yín, ẹ jókòó lójú ẹsẹ̀, ẹ mí.

Ohun kan ni kí ẹ má ṣe gbé láti Systema wá sójú omi. Wọ́n ń fi ìmí kéékèèké, síta-sínú, gba ara padà. Amòòkùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọrí kò gbọ́dọ̀ tú afẹ́fẹ́ jáde púpọ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló máa jẹ́ kó lọ, á mí sínú kíákíá, á dì í mú fún ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì, á tún ṣe é, ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ó kéré tán. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń dákú lókè omi ló jẹ́ pé wọ́n ti yọrí tán, wọ́n wá fẹ́ gbogbo èémí wọn dànù lẹ́ẹ̀kan.

Ojú náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀ nínú eré ìjà. Nínú kendo, eré idà àwọn ará Japan, wọ́n ń kọ́ni láti wo alátakò bí ẹni ń wo òkè tó wà lọ́nà jíjìn, kí ojú má fara mọ́ idà rẹ̀ nìkan. Natalia Molchanova, ọmọ Rọ́ṣíà tó di èémí mú fún ìṣẹ́jú 9 àti ìṣẹ́jú àáyá 2 ní 2013, kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní ohun tó jọ ọ́: kí wọ́n tan àfiyèsí ká gbogbo ohun tí ojú ń rí, kó má gúnlẹ̀ sórí ẹyọ kan. Nígbà tí àfiyèsí bá fẹ̀ bẹ́ẹ̀, èrò kì í ráyè gùn, ara á sì rọlẹ̀. Ẹ lè ṣe é báyìí níbi tí ẹ jókòó sí, kò ná yín ní nǹkan kan.

Capoeira, fún ẹni tí etí ń dà láàmú

Àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil ló dá eré yìí sílẹ̀, ìjà tó wọ aṣọ ijó. UNESCO fi roda rẹ̀, ìyẹn agbo tí wọ́n ti ń ṣe é, sínú àkójọ àjogúnbá ọmọ ènìyàn ní 2014. Nínú gbogbo ohun tí mo dárúkọ, òun ló ń fi orí kọlẹ̀ jù. Nínú aú, èèyàn ń yí lórí ọwọ́ láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Nínú bananeira, ó dúró lórí ọwọ́, ẹsẹ̀ lókè, ojú sì ń wo agbo.

Kí ló kan etí níbẹ̀? Ẹni tí kò mọ́ lára pé kí orí wà nísàlẹ̀, bó bá ti dojú kọ ìsàlẹ̀ omi, ara rẹ̀ á rò pé ó ń ṣubú. Á gbé àgbọ̀n sókè láti wo ibi tó ń lọ, iwájú ọrùn á nà, Frenzel kò sì ní ṣiṣẹ́ mọ́. Oṣù díẹ̀ nínú roda máa gba ìbẹ̀rù yẹn kúrò. Ẹ lè fi iṣẹ́ etí kún un nílé: ẹ dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, kí àyà àti orí sọ̀ kalẹ̀ létí rẹ̀, ẹ di imú, ẹ fi ahọ́n ti afẹ́fẹ́ jẹ́jẹ́, kí ẹ gbọ́ bí etí ṣe ń ta. Bó bá gba agbára, ẹ ti ń ṣe é ju bó ṣe yẹ lọ.

Capoeira tún ń tú ìbàdí, èjìká àti ọrùn ẹsẹ̀ sílẹ̀ láìjẹ́ pé èèyàn mọ̀ pé òun ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń mòòkùn láìwọ lẹbẹ sẹ́sẹ̀ nílò èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. William Trubridge, amòòkùn ọmọ New Zealand, lọ dé mítà 102 lọ́nà bẹ́ẹ̀ ní Bahamas ní 2016, apá àti ẹsẹ̀ lásán ló fi wẹ̀ ẹ́ lọ wẹ̀ ẹ́ bọ̀. Ẹni tó ń wọ lẹbẹ gígùn lè rí ohun tó jọ ọ́ nínú taekwondo, eré ìjà àwọn ará Kòríà tó kún fún ìtapá, torí pé láti ìbàdí ni ìta ẹsẹ̀ tó dára ti ń wá. Pilates náà dára fún ikùn tó ń mú ara gún, n kò sì ní ohun púpọ̀ sọ nípa rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí kò sí nínú èyíkéyìí nínú wọn

Mo ṣèlérí àlàyé lórí mímí gúlegúle. Kì í fi ọ́síjìn tó jọjú kún ẹ̀jẹ̀, torí ẹ̀jẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún fún un tẹ́lẹ̀. Kábọ́ọ̀nù dàíọ́ksáìdì ló ń lé jáde. Ẹni tó bá ṣe é máa rò pé òun ti di akíkanjú, torí pé aago kò lù. Aago ni ó yọ bátìrì rẹ̀, ọ́síjìn sì ń tán lọ láìsí ẹni tó máa sọ fún un. Bó bá ti ń gòkè, tí omi kò tẹ ẹ̀dọ̀fóró mọ́, ọ́síjìn á já wálẹ̀ wìì ní mítà 10 tó kẹ́yìn, á sì dákú láìgbọ́ ìkìlọ̀ kankan. Nítorí náà, kí ẹ tó wọmi, ẹ mí bí ẹni tó fẹ́ sùn.

Kò sí ìgbànú dúdú, àmì ọ̀gá nínú eré ìjà, tó lè dípò ẹlẹgbẹ́. Ẹnì kan nísàlẹ̀, ẹnì kan lókè tó ń wò ó, tó mọ bí a ṣe ń gbé ẹni tó dákú, tó sì lágbára láti dé ibi tí èkejì wà. Lẹ́yìn tó bá yọrí, kó má gbójú kúrò lára rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Ìsinmi láàárín ìmòòkùn méjì gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po méjì àkókò tí ẹ lò lábẹ́ omi, ó kéré tán. Molchanova tí mo dárúkọ lókè, tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé kò mọ iṣẹ́, wọ omi lẹ́bàá erékùṣù Formentera ní Sípéènì ní 2015, kò sì jáde mọ́. Mo máa ń rántí rẹ̀ nígbàkígbà tí ẹnì kan bá sọ fún mi pé òun kàn fẹ́ lọ gbìyànjú díẹ̀ nínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ lóun nìkan.

Ìdánrawò ìdíèémí yòókù, orí bẹ́ẹ̀dì tàbí orí àga ni. Kì í ṣe inú omi ìwẹ̀, kì í ṣe nídìí ọkọ̀.

Bí mo ṣe máa yàn án

Bí etí bá ni, capoeira lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, àti iṣẹ́ ahọ́n lórí bẹ́ẹ̀dì lójoojúmọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹni tí ọjọ́ orí tàbí ẹ̀yìn kò jẹ́ kó lè fọwọ́ dúró lè fi capoeira sílẹ̀ kó mú ti bẹ́ẹ̀dì nìkan, á ṣì rí èrè.

Bí ẹ̀rù àti ìfẹ́ láti mí bá ni, jiu-jitsu, pẹ̀lú olùkọ́ tí kì í fi akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ṣeré. Ẹni tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òun lè lọ sọ́dọ̀ Systema onírìn, tàbí kó kàn máa rìn láìmí lórí koríko.

Bí ẹsẹ̀ bá ni, okùn fífò àti taekwondo, ṣùgbọ́n kí ó wà ní ọjọ́ méjì ó kéré tán kó tó di ọjọ́ omi. Itan tó ti rẹ̀ kì í gbọ́ràn lábẹ́ omi. Bí àyà bá ni, ẹ ti mọ ohun tí màá sọ.

Ẹ má kó eré mẹ́ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá kó wọn pọ̀, tí nǹkan sì sunwọ̀n, ẹ kò ní mọ èyí tó ṣe é. Ẹ mú ọ̀kan, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ mòòkùn dé ibi tí ara yín mọ̀ dáadáa, ká ní mítà 15, kí ẹlẹgbẹ́ yín wò yín, kó sì ka iye ìgbà tí ẹ ta ẹsẹ̀ kí ẹ tó dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ẹ padà sí okùn kan náà tí ẹ tẹ̀ lé sọ̀ kalẹ̀, mítà kan náà, ẹlẹgbẹ́ kan náà. Ẹ má fi mítà kan kún un. Ẹ bi í pé: báwo ni ọrùn mi ṣe rí? Ọwọ́ mi ńkọ́, ṣé ó di ẹ̀ṣẹ́? Ẹ̀ẹ̀mélòó ni mo ta ẹsẹ̀? Bí iye yẹn bá ti dín, tí etí sì ṣí láìjẹ́ pé ẹ tì í, ẹ máa bá eré náà lọ. Bí kò bá yí padà, ẹ mú èyí tó kàn.